Ọmọ Mi, Jìnnà sí Típà

Ọmọ mi, wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo ọ́ìlì lówùúrọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn atẹ́gùn táyà, mo sì mọ̀ pé o kì í jẹ́ kí omi rédíétọ̀ gbẹ. Gíláàsì iwájú nìkan ni kò sẹ́ni tó bá ọ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sóhun tó kan awakọ̀ níbẹ̀ ju kó máa nù ún lọ. Ọjọ́ tí òkúta bá dún gbàǹ níwájú ẹni lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lojú ń là, ọjọ́ náà sì lowó ń jáde lápò.

Ohun méjì péré ni mo fẹ́ kí o gbà lẹ́nu mi, àlàyé ni ìyókù: rọra lẹ́yìn típà tó ń kó òkúta, ṣùgbọ́n bí òkúta bá ti bà ọ́, yára. Òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe. Wọ́n á sáré lẹ̀ mọ́ ìdí típà bí ẹni pé òkúta inú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rà. Bí gíláàsì bá wá gba ojú tán, ìyẹn ibi kékeré tí òkúta fọ́ lára rẹ̀, wọ́n á máa wò ó láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Bí òkúta bá ti dún gbàǹ, má tẹ bíréèkì lójijì, má sì já sítíárì sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Gíláàsì yẹn kò ní wó lù ọ́. Ìjayà ló ń ṣe awakọ̀ ní jàǹbá nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ju òkúta lọ: ẹni tó bá fi orí pamọ́, tó sì yà lọ kọlu ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè di ẹ̀bi ru òkúta. Di sítíárì mú, dín eré kù díẹ̀díẹ̀, kí o wá ibi tó láàyè dáadáa, bí ilé epo, kí o tó dúró. Etí márosẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀ wo gíláàsì.

Ìdí tí mo fi sọ pé kò ní wó lù ọ́ ni pé gíláàsì iwájú mọ́tò òde òní kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni, wọ́n wá fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan há sáàrin wọn, bí ẹni fi bọ́tà há sáàrin búrẹ́dì. Ike náà kò nípọn tó mìlímítà kan, síbẹ̀ òun ló di méjèèjì mú. Bí ti òde bá fọ́, àfọ́kù rẹ̀ kò ní fò wọlé, ti inú á sì wà bó ṣe wà. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó mọ̀ nípa kẹ́míkà, Édouard Bénédictus, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé lọ́dún 1903 ni ìgò kan jábọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sán, ṣùgbọ́n kò tú ká, torí èròjà kan ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀ bí awọ. Nígbà tó di 1909, ó ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí gíláàsì alápapọ̀ yìí.

Mọ́tò ayé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn Peugeot 504 àti Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, ẹyọ gíláàsì kan tí wọ́n fi iná mú le ni wọ́n fi síwájú wọn. Bí òkúta bá ba irú ìyẹn, kì í ṣe ojú kékeré. Gbogbo rẹ̀ á sán lẹ́ẹ̀kan náà, á funfun báláú, ọ̀nà á sì pòórá lójú awakọ̀ níbi tó ti ń sáré. Awakọ̀ tó bá láyà á sọ ẹ̀ṣẹ́ sí i níwájú ara rẹ̀ kí ihò lè là, kó lè rí ibi tó ń lọ. Mo rí ọ̀gá awakọ̀ kan tó wọ Ìbàdàn láti Ifẹ̀ láìní gíláàsì níwájú, kòkòrò lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àwọn èrò ẹ̀yìn fi gèlè àti fìlà bo ojú. Èèyàn á sì tún bínú pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ìyà! Ẹ̀yin ní àǹfààní tí a kò ní: ojú kékeré ni òkúta ń dá sí gíláàsì yín, ojú kékeré yẹn sì ṣeé tún ṣe, bí ẹ bá tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn ṣì jẹ́ irú ti àtijọ́ lára ọ̀pọ̀ mọ́tò. Bí ìyẹn bá fọ́, òmíràn ni kí o rà, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú.

Jẹ́ ká wá sọ ti típà. Púpọ̀ nínú òkúta tí wọ́n fi ń kọ́lé l'Ékòó, inú ilẹ̀ Ògùn ló ti ń wá. Bí o bá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, wàá rí wọn lágbègbè Ọ̀dẹ̀dá, bí wọ́n ṣe ń bọ́ láti ọ̀nà kúárì sórí ọ̀dà, tí ẹrù wọn ga ju ẹ̀gbẹ́ bọ́dì lọ. Òfin ní kí wọ́n fi tapólì bo ẹrù. Òmíràn nínú wọn ní tapólì lóòótọ́, ó ká a jọ sẹ́yìn orí ọkọ̀. Ìgbà tó bá rí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, Road Safety, lókèèrè ni yóò rántí pé òun ní in.

Má wá rò pé èyí tó ń já bọ́ lórí ẹrù nìkan ló yẹ kó o ṣọ́ra fún. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni èyí tó há sáàrin táyà. Méjì-méjì ni táyà ẹ̀yìn típà, wọ́n sún mọ́ ara wọn. Bí ọkọ̀ bá ti ń jáde ní kúárì, òkúta kan lè há sáàrin àwọn méjèèjì, yóò sì máa bá wọn yí lọ ní kìlómítà bíi mélòó kan, títí eré á fi pọ̀ tó láti tú u. Bó bá tú, kì í já bọ́ o, fífò ló ń fò. Awakọ̀ típà tó mọṣẹ́ a máa bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kúárì, á mú irin dání, á yẹ àárín táyà wọ̀nyẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Á tún rí i pé rọ́bà tó ń sọ̀ lẹ́yìn táyà kò já. Irú wọn kò wọ́pọ̀ mọ́. Wo ẹ̀yìn típà márùn-ún tó bá kọjá lójú rẹ, kó o wá ka iye tó ní rọ́bà yẹn.

Òkúta tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ń bẹ, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, tó gùn tó kìlómítà 127, ọdún 2013 ni wọ́n gbé àtúnṣe rẹ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, a kì í rin ọ̀nà yẹn já ká má kan ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti tú sílẹ̀. Níbẹ̀, mọ́tò kékeré bíi tìrẹ náà lè ta òkúta sí ọ, kò dìgbà tó bá jẹ́ típà.

Eré ló ń sọ òkúta kékeré di ọta ìbọn. Bí o bá kúrò lórí 80 kìlómítà ní wákàtí kan bọ́ sórí 100, o lè rò pé díẹ̀ lo fi kún un. Agbára tí òkúta tó dúró lójú afẹ́fẹ́ yóò fi pàdé gíláàsì rẹ ti fi ju ìlàjì lọ pọ̀ sí i. Bó bá wá jẹ́ ọ̀nà tí kò ní ìpín láàárín, tí lọ́rì ń sá 80 bọ̀ lódìkejì, tí ìwọ náà ń sá 100, 180 ni kí o kà á sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù bí lọ́rì bá ń bọ̀ níwájú lójú ọ̀nà tí òkúta wà. Ìwọ̀nba tó o bá dín kù, kò ní gbà ọ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ nínú ìrìn àjò.

Àyè tó wà láàárín ìwọ àti típà ńkọ́? Lórí 100, tó jẹ́ òpin eré tí òfin fọwọ́ sí fún mọ́tò kékeré lórí márosẹ̀, o ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Wo òpó kan létí ọ̀nà. Bí ìdí típà bá ti kọjá rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kà jẹ́ẹ́jẹ́. Fún mọ́tò lásán, o kò gbọdọ̀ kan òpó náà kó o tó ka ẹ̀ta. Fún típà, ka àrún. Dáńfó kan á wọ àárín yẹn, mo mọ̀. Jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Òun ló ń gba òkúta fún ọ.

Bí o bá sì fẹ́ yà á sílẹ̀, yà á sílẹ̀ tán. Awakọ̀ míì á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, á wá dúró síbẹ̀ lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn típà, kò lọ, kò padà, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò síbi tó burú jùyẹn lọ lójú títì. Wo iwájú, rí i pé ọ̀nà ṣí, kọjá, kí o sì jìnnà sí i kí o tó padà sí ìlà rẹ. Bí ọ̀nà kò bá ṣí, fà sẹ́yìn.

Bí òkúta rẹ̀ bá sì ti bà ọ́, má lé e. Mo ti rí ọmọkùnrin tó lé típà dé ìlú mìíràn tó ń fi fèrè pe ìjà, tí onítípà kò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí lo fẹ́ fi dá a lójú pé ara ẹrù rẹ̀ ni òkúta ti wá? Bí ẹrù rẹ̀ kò bá ní ìbòrí, kí ẹni tó jókòó tì ọ́ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ sì pe Road Safety ní 122. Kì í ṣe gíláàsì tìrẹ lẹ fi ń gbà padà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ ṣe é fún.

O ti wá dúró nílé epo wàyí, o bọ́ sílẹ̀. Wo ojú tó dá síbẹ̀ dáadáa. Òmíràn á rí roboto, pẹ̀lú òkùnkùn díẹ̀ láàárín. Òmíràn á dà bí ìràwọ̀, tí ìlà tín-ín-tín yọ lára rẹ̀ káàkiri. Òmíràn á rí bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Roboto ló rọrùn jù láti tún ṣe. Oníràwọ̀ ló yẹ kó kó ọ láyà jẹ, torí ẹnu ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń wá ibi tí yóò gbà sá lọ. Padà sínú mọ́tò, fi èékánná rìn lórí ibẹ̀ láti inú. Bí ó bá ń yọ̀ geere, ti òde nìkan ló fọ́. Bí èékánná bá há, méjèèjì ló ti là, àtúnṣe kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, má fọwọ́ kàn án láti òde. Má tẹ̀ ẹ́ wò. Má fi omi nù ún. Má fi itọ́ nù ún. Mo mọ ohun tí mò ń wí. Ohun tó yẹ kó wọ inú ojú yẹn kò ju oje tí wọ́n fi ń tún un ṣe lọ, bí omi, ọṣẹ tàbí eruku bá ti ṣáájú rẹ̀ wọlé, kò ní rí àyè. Mú sẹ́lótéèpù funfun tó mọ́ gaara, gé e kékeré, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láti òde nígbà tí ibẹ̀ ṣì gbẹ. Kì í ṣe ti páálí tó pupa o, ìyẹn á dí ọ lójú, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì yọ́ nínú oòrùn. Sẹ́lótéèpù kan kò wọ́n, jù ú sínú àpótí iwájú mọ́tò kó máa gbé ibẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o kán súpàgúlù sí i. Àwọn míì á ní ọ̀dà èékánná tó mọ́ gaara, ẹlòmíràn á ní ọṣẹ ìfọyín. Ẹ̀yìn ni gbogbo ìyẹn ti ń mú àbámọ̀ wá: súpàgúlù á gbẹ lẹ́nu ihò, á sé ọ̀nà mọ́ afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀, kò sì ní fún gíláàsì ní agbára kankan. Nígbà tó o bá wá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́, yóò kàn mi orí ni.

Wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìrókò inú gíláàsì kì í fún ni ní ọdún, nígbà míì kì í fún ni ju òru ọjọ́ kan lọ. O lè gbé mọ́tò sílẹ̀ lálẹ́ pẹ̀lú ojú tó tó èékánná ọmọdé, kó o bá a láàárọ̀ tó ti là lọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ooru àti òtútù ló ń ṣe é. Gíláàsì ń fẹ̀ nínú ooru, ó ń súnkì nínú òtútù. Bí apá kan bá ń fẹ̀ tí èkejì ń súnkì, ibi tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀ ni yóò gbà ya. Mọ́tò tó ti wà nínú oòrùn ọ̀sán láti àárọ̀, tí o wá wọ̀ ọ́ tí o tan éèsì pátápátá, tí o kọjú atẹ́gùn tútù náà sí gíláàsì, ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ ya á. Ṣí fèrèsé ná, kí ooru jáde, kí o wá tan éèsì díẹ̀díẹ̀, kí o sì kọjú rẹ̀ sí ara rẹ. Àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò náà, kìlọ̀ fún wọn. Omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná kò dára fún èyí tó dá ṣáká, ká má tíì sọ èyí tó ti lójú, ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi kò sì gbọdọ̀ dé sàkáání ibẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí òwúrọ̀ tutù tí ọ̀sán gbóná kíkan, má jẹ́ kó di ọ̀la rárá.

Kòtò ojú ọ̀nà tún ń bẹ. Bí mọ́tò bá bọ́ sí i, gbogbo ara rẹ̀ ló ń lọ́, gíláàsì ń bá a lọ́. Ilẹ̀kùn tí wọ́n gbá nígbà tí fèrèsé gbogbo wà ní títì ń fi afẹ́fẹ́ ti gíláàsì láti inú. Sọ fún àwọn tó o bá gbé pé kí wọ́n rọra.

Ta ni yóò wá tún un ṣe? Àwọn tó ń ṣe é wà l'Ékòó, wọ́n wà ní Ìbàdàn àti Abuja, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ bí àwọn tó ń ta gíláàsì. Oníṣòwò gíláàsì kò sì ní sọ fún ọ pé ó ṣeé tún ṣe. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Gíláàsì ló ń tà. Ìwọ ni kí o béèrè, kí o sì ní kó fi irinṣẹ́ rẹ̀ hàn ọ́. Bó bá jẹ́ túúbù gọ́ọ̀mù lásán ló mú jáde, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ mọ́tò rẹ.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní ṣe é nínú oòrùn. Abẹ́ ìbòrí ni yóò ní kó o gbé mọ́tò sí, yóò sì dúró kí gíláàsì tutù, torí oje tí yóò lò, ìtànṣán oòrùn ló ń mú un le. Bí oòrùn bá bá a kó tó wọlé tán, iṣẹ́ bàjẹ́. Yóò fi abẹ́rẹ́ kékeré ṣa eérún gíláàsì kúrò lẹ́nu ihò náà. Yóò wá gbé irin kan tó ní ẹsẹ̀ rọ́bà tó ń fà mọ́ gíláàsì, yóò sọ ihò sìkúrù rẹ̀ sí ọ̀gangan ibi tó fọ́, yóò kán oje náà sí i, ó mọ́ gaara, ó sì ki ju omi lọ díẹ̀. Bó bá yí sìkúrù náà sókè, yóò fa afẹ́fẹ́ jáde. Bó bá yí i sísàlẹ̀, yóò ti oje wọlé. Fífà àti títì yẹn ni iṣẹ́. Ní kó fi dígí hàn ọ́ láti inú: wàá rí òkùnkùn àárín ojú náà tí ń kéré sí i, wàá rí i bí atẹ́gùn ṣe ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀, ìlà ìràwọ̀ á máa parẹ́ láti ìdí dé ẹnu. Ìgbà tí òkùnkùn bá tán ni yóò yọ irin náà, yóò fi ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́ bo ibẹ̀, yóò sì tan iná aláwọ̀ aró lé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa fi abẹ fá èyí tó yọ sókè, tí yóò nù ún kó dán. Gbogbo rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Àpá fẹ́ẹ́rẹ́ kan á ṣẹ́kù bí o bá fi ojú wá a. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí. Agbára gíláàsì lo gbà padà. Ẹni tó bá ṣèlérí fún ọ pé kò ní sí àpá rárá ń tà ọ́ lọ́jà ni.

Àtúnṣe ní ààlà. Ojú tó bá ju nǹkan bí ínǹṣì kan lọ ní fífẹ̀, ìlà tó ti sá dé etí gíláàsì, èyí tó wọlé dé gíláàsì inú, àti èyí tó dúró síwájú ojú awakọ̀ gan-an, wọ́n ti kọjá títún ṣe lójú tèmi. Ìkẹyìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń bá mi jiyàn lé lórí. Wọ́n á ní kékeré ni. Ó kéré lọ́sàn-án. Lóru, tí iná lọ́rì bá ń bọ̀ lódìkejì, àpá kékeré yẹn ló máa gba ìmọ́lẹ̀, tí yóò tàn án sí ọ lójú lásìkò tí ọmọ ènìyàn kan ń sọdá. Àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Bìrìtìkó náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: nínú àyẹ̀wò mọ́tò ọlọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT, ibi tó fẹ̀ tó mìlímítà 290 níwájú sítíárì, wọn kò gbà kí ojú kan níbẹ̀ ju mìlímítà 10 lọ, níbi yòókù tí wáípà ń gbá, wọ́n gba 40. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi foonu pe oníṣẹ́ wá bá a nílé, kí iléeṣẹ́ adójútòfò san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Má fi tirẹ̀ wé tìrẹ. Ìwé adójútòfò tọ́ọ̀dù pátì tí o ra ní 15,000 náírà, ohun tí o bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn ló wà fún. Kò ní ra gíláàsì fún ọ. Àyàfi tó bá jẹ́ èyí tó gbòòrò, ìyẹn kọ̀ǹpríhẹ́ńsíìfù, lo ní, ìgbà náà ni kí o tó ṣe ohunkóhun, ya fọ́tò rẹ̀, kí o sì pè wọ́n.

Bó bá di pé kí o pààrọ̀ rẹ̀, má kánjú ra èyí tó bá kọ́kọ́ fojú kàn ọ́. Gíláàsì tòkúnbọ̀ kún Ládípọ̀ l'Ékòó, ó kún Àrárọ̀mí ní Géètì, n'Ìbàdàn. Ara mọ́tò tó ti dojú bolẹ̀ lókè òkun ni wọ́n ti gé e, ó lè dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Fi ìka rin gbogbo etí rẹ̀ yí po, jẹ́ẹ́jẹ́, kó má baà gé ọ. Bí o bá kan ibi kékeré tó ti hán, gbé e sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti là. Wo àmì tó wà nígun ìsàlẹ̀: ti mọ́tò tó wá láti Amẹ́ríkà máa ń ní AS1, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ máa ń ní AS2. Àṣírí kan wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò tòkúnbọ̀. Ka orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lára gíláàsì iwájú, kó o ka ti ẹ̀gbẹ́. Bí wọn kò bá jọra, wọ́n ti pààrọ̀ ti iwájú rí. Ó lè jẹ́ òkúta, ó sì lè jẹ́ jàǹbá ńlá tí ẹni tó ń tà á kò fẹ́ kí o mọ̀. Béèrè.

Bí mọ́tò rẹ bá ní ojú kámẹ́rà kékeré lókè gíláàsì lẹ́yìn dígí àárín, sọ fún oníṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà yẹn ló ń wo ìlà ọ̀nà, ó sì ń kìlọ̀ nípa ìkọlù. Bí wọ́n bá gbé gíláàsì tuntun sí i, ó ní bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ tò ó padà. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí mò ń wí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Gọ́ọ̀mù ló kù. Ní ti àtijọ́, rọ́bà ni wọ́n fi ń há gíláàsì mọ́ mọ́tò; lónìí gọ́ọ̀mù tó le, tó sì ń fà, ló di í mú, gíláàsì yẹn sì wà lára ohun tó ń gbé òrùlé mọ́tò ró bí ó bá yí gbiri. Éábáàgì ẹni tó jókòó tì ọ́ náà, òun ló ń fẹ̀yìn tì nígbà tó bá bú jáde. Nítorí náà bí o bá rí i tí oníṣẹ́ mú sílíkóònù tí wọ́n fi ń sé ibi ìwẹ̀, dá a dúró. Kì í ṣe ìyẹn. Wo bó ṣe ń fi ọ̀bẹ gé gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò: bó bá ha ọ̀dà ara mọ́tò títí dé irin, kó fi ọ̀dà bò ó kó tó fi gọ́ọ̀mù tuntun lé e, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìpata á gba abẹ́ gíláàsì wọlé. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ wákàtí tí yóò tó kí mọ́tò tó lè rìn, ara páálí gọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ ọ́ sí. Òmíràn á tó wákàtí kan, òmíràn á sun ibẹ̀ mọ́jú. Jẹ́ kí fèrèsé kan ṣí díẹ̀ lọ́jọ́ náà, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá ilẹ̀kùn.

Bó bá di ọjọ́ kejì, jókòó sínú mọ́tò, kí ẹnìkan máa da omi jẹ́ẹ́jẹ́ sórí gíláàsì láti òkè, kí ìwọ máa fi ọwọ́ yẹ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù àti igun méjèèjì tó wà lókè. Wà á lọ sójú ọ̀nà tó dán, kí o pa rédíò, kí o gbọ́ bóyá atẹ́gùn ń fọn níbì kan. Bí ọwọ́ rẹ bá tutù tàbí etí rẹ gbọ́ súù, mú rìsíìtì dání, kó o padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.